Grid àti Multi-column: èwo nínú èlò CSS méjèèjì ló lè gbé ìwé ìròyìn Yorùbá ró lórí ayélujára?

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí kì í ṣe ọjà tí a ń fi owó rà. Èlò méjì ni, tí wọ́n ti wà nínú gbogbo browser tí à ń lò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ HTML (èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù) àti CSS (èyí tó ń sọ bí ojú-ewé náà yóò ṣe rí) díẹ̀ sì lè lò láì san kọ́bọ̀. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní Multi-column, tó ń pín ọ̀rọ̀ sí òpó, tí ọ̀rọ̀ yóò sì máa ṣàn láti òpó kan bọ́ sí òmíràn. Èkejì ni Grid, tó ń pín ojú-ewé fúnra rẹ̀ sí òpó lóròó àti ìlà níbùú kí a tó gbé ìròyìn kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi dán wọn wò ni ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan, tí wọ́n ti ń tẹ̀ sórí bébà tẹ́lẹ̀, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì ta kú pé bí yóò bá tilẹ̀ bọ́ sórí ayélujára, ó gbọ́dọ̀ ṣì jọ ìwé ìròyìn lójú ẹni tó bá ṣí i. Yorùbá ni a fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ohun tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ń kà nípa àwọn èlò wọ̀nyí kì í sì í kà sí rárá.

Kí n tètè sọ èrò mi: Grid ni kí ẹ fi kọ́ ilé náà. Multi-column wúlò, àmọ́ inú yàrá kan tàbí méjì ni àyè rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì fi ṣe gbogbo ojú-ewé yóò da àwọn òǹkàwé rẹ̀ láàmú.

Ẹni tó bá dàgbà sídìí Gbohùngbohùn, tàbí tó ń ra Aláròyé lọ́wọ́ àwọn fẹ́ńdọ̀, mọ̀ pé òpó nìkan kọ́ ló ń sọ bébà di ìwé ìròyìn. Orúkọ ìwé náà wà lókè, ó gba ojú-ewé já láti etí dé etí. Ìròyìn àgbà gba àyè tó pọ̀ jù, àkọlé rẹ̀ sì nípọn ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Àwọn ìròyìn kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìlà tín-ín-rín ló sì pààlà sáàárín wọn. Kí a tó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú ti mọ èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Pípààlà àti títo nǹkan sí ipò bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ń bẹ èlò wọ̀nyí, ìdí sì nìyí tí mi ò fi gbà pé ojú-ewé kan ti di ìwé ìròyìn nítorí pé wọ́n ya ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí òpó mẹ́ta.

Ìfẹ́ kí wẹ́ẹ̀bù jọ ìwé ìròyìn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, Netscape fi àmì kan tí wọ́n pè ní MULTICOL sínú ẹ̀dà kẹta browser wọn, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò bá wọn lò ó, ó sì parẹ́. Tábìlì ni àwọn oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ń lò nígbà náà: wọ́n á gé ojú-ewé sí àpótí inú àpótí, wọ́n á sì há àwòrán kékeré tí kò hàn sójú sínú alàfo kí òpó má baà fún pọ̀. Lẹ́yìn tábìlì ni float dé, òfin CSS tó ń ti nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìyókù lè ṣàn yí i ká, tó jẹ́ pé bí ìròyìn kan bá fi ìlà kan gùn ju èkejì lọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ lè sún kọjá ibi tí a fi í sí. Microsoft ló kọ́kọ́ gbé irú Grid jáde, nínú Internet Explorer 10 ní 2012. Lẹ́yìn tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, tún un gbé yẹ̀wò, Firefox, Chrome àti Safari gbé ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde láàárín oṣù Kẹta 2017 nìkan, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá láàárín àwọn tó ń bá ara wọn díje.

Ohun tó wù mí jù nínú Grid ni pé ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán ojú-ewé sínú kóòdù, kí ẹlòmíràn tó bá wò ó sì mọ bí ojú-ewé náà yóò ṣe rí kó tó ṣí browser rárá. Báyìí ni ti ìwé ìròyìn tí mo ṣe:

grid-template-areas:
"ori ori ori ori"
"agba agba agba egbe"
"agba agba agba egbe"
"kekere kekere ipolowo egbe";

Orúkọ ìwé ìròyìn gba òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìròyìn àgbà gba mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ìkéde ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìpàdé máa ń wà, sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà kejì dé ìsàlẹ̀. Ìpolówó sì ní àyè tirẹ̀. Bí olóòtú bá ní kí a gbé ìpolówó lọ sí apá òsì lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ mélòó kan péré la ó yí padà nínú ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò fi àmì ohùn sórí àwọn orúkọ wọ̀nyí. CSS gbà kí a fi í sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bíi í tàbí à: gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, tàbí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àti àmì tó tẹ̀ lé e. CSS kì í sì í ka méjèèjì sí ọ̀kan náà. Bí ẹni méjì tó ń lo kíbọọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá jọ ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan, orúkọ tí ojú wa rí bí ọ̀kan lè di méjì lójú browser, ìròyìn àgbà á sì já bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń kà ni kí àmì ohùn ti pé pérépéré. Kí orúkọ inú kóòdù wà láìní àmì.

Firefox ní irinṣẹ́ kan nínú ẹ̀ka àwọn oníṣẹ́, tó máa ń ya ìlà Grid lé ojú-ewé lórí, tó sì ń kọ orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan síbi tó wà. Bí ẹ ò bá lo Firefox fún ohun mìíràn, ẹ lò ó fún èyí. Nígbà tí alàfo kan bá ṣí sílẹ̀ láàárín ìròyìn méjì tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, àwòrán yẹn yóò fi hàn yín lójú ẹsẹ̀ bóyá Grid ló fi í síbẹ̀ tàbí ìròyìn fúnra rẹ̀ ló ní ààlà tó pọ̀ jù.

Iṣẹ́ kan wà tó pẹ́ kí Grid tó lè ṣe é dáadáa. Bí ìròyìn kéékèèké mẹ́ta bá wà légbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àkọlé ọ̀kan jẹ́ ìlà kan, tí ti ẹnì kejì rẹ̀ sì jẹ́ ìlà mẹ́ta, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn kò ní bára wọn dọ́gba, gbogbo rẹ̀ á sì rí jágbajàgba. Àwọn tó ń to ìwé ìròyìn orí bébà kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè. Subgrid ló yanjú rẹ̀, nítorí ó jẹ́ kí nǹkan inú ìròyìn kọ̀ọ̀kan lo ìlà kan náà pẹ̀lú ti ẹnìkejì rẹ̀. Firefox ti ní in láti ìparí 2019, Safari gbà á ní 2022, Chrome kò sì gbà á títí di oṣù Kẹsàn-án 2023. Ó ṣeé lò báyìí, àmọ́ bí àwọn òǹkàwé yín bá pọ̀ lórí fóònù tí wọn kì í sọ browser rẹ̀ dọ̀tun, ẹ rí i dájú pé ojú-ewé náà ṣì ṣeé kà bí subgrid kò bá ṣiṣẹ́.

Àìpé Grid méjì ló ká mi lára jù. Àkọ́kọ́ ni pé kò tíì ní ọ̀nà tí gbogbo browser gbà láti fa ìlà sáàárín òpó, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn gan-an ni àmì ìdánimọ̀ ìwé ìròyìn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi border, ìyẹn ìlà etí, sí ẹ̀gbẹ́ òsì ìròyìn tó bá yẹ, mo sì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí a bá yí ipò ìròyìn padà ni a gbọ́dọ̀ tún border náà ṣe. Èkejì wúwo ju ìyẹn lọ. Grid jẹ́ kí ohun tó kẹ́yìn nínú HTML hàn lókè pátápátá lójú ẹni tó ríran, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ewé sókè fún afọ́jú kò mọ ìyẹn: bí a ṣe kọ HTML ni yóò ṣe kà á. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ to HTML bí ẹ ó ṣe kà á fún ẹni tó jókòó tì yín, ìròyìn àgbà ṣáájú, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to àyè.

Ọ̀rọ̀ Multi-column wá kàn báyìí. Håkon Wium Lie, ará Norway tó dá àbá CSS ní 1994, wà lára àwọn tó kọ ìlànà rẹ̀, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì ya èèyàn lẹ́nu: ìlà kan ṣoṣo, columns: 3 16em, ó tó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí òpó má ju mẹ́ta lọ, kí ọ̀kan nínú wọn má sì fún ju ìwọ̀n 16em tí a dá lọ (em kan jẹ́ títóbi lẹ́tà tí a ń lò). Lórí fóònù, nítorí pé àyè fún méjì kò sí, òpó kan péré ni yóò kù, láìsí pé a kọ òfin mìíràn. Ẹ má ṣe fi iye òpó nìkan lélẹ̀ láì dá ìwọ̀n wọn, nítorí browser yóò fún òpó mẹ́ta mọ́ ojú fóònù, a ó sì máa ka ọ̀rọ̀ méjì méjì lórí ìlà. Ó ní column-rule tó ń fa ìlà sáàárín òpó, ó lè pín ọ̀rọ̀ kí òpó gùn dọ́gba, bí a bá sì fi break-inside: avoid sórí ìkéde kọ̀ọ̀kan, kò ní gé ìkéde kan sí méjì láàárín òpó.

Kí ló wá burú nínú rẹ̀? Bébà ní ìsàlẹ̀. Ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà kò ní. Ìròyìn tó gùn tí a pín sí òpó mẹ́ta lè ga ju ojú kọ̀ǹpútà lọ ní ìlọ́po méjì, òǹkàwé á sì yí i sísàlẹ̀ dé òpin òpó àkọ́kọ́, á tún yí i padà sókè láti wá orí èkejì, á tún sọ̀ kalẹ̀. Mo wo akápò ẹgbẹ́ náà bó ṣe ń ka àpilẹ̀kọ alága lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀: nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òpó àkọ́kọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, ó sì bi mí pé ta ló gé ọ̀rọ̀ alága kúrú. Lẹ́yìn èyí ni mo dá àpilẹ̀kọ náà padà sí òpó kan tó fẹ̀ níwọ̀n, tí lẹ́tà orí ìlà kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 65 lọ.

Àìpé rẹ̀ kejì ni column-span, tó yẹ kó jẹ́ kí àkọlé gba orí òpó kọjá. Ohun méjì péré ló gbà: kí àkọlé má gba òpó kankan kọjá, tàbí kí ó gba gbogbo wọn. Àkọlé tó gba òpó méjì nínú mẹ́ta, tó jẹ́ ohun tí ìwé ìròyìn ń ṣe lójoojúmọ́, kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí Multi-column ti dára gan-an ni orí nǹkan kúkúrú tó pọ̀: orúkọ àwọn tó dá owó ilé ìpàdé, ìpolówó kéékèèké, ìkéde ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Mo fi sínú àyè “egbe” àti “kekere”, níbi tí òpin òpó kì í ti í jìnnà sí orí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Ó ku ohun tí àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dán nǹkan wò kì í kó sí. Òpó tó fún máa ń bá èdè Jámánì jà nítorí ọ̀rọ̀ gígùn wọn, irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sì ni hyphens: auto ń yanjú, kí browser lè gé ọ̀rọ̀ sí méjì ní ìparí ìlà. Ìwé atúmọ̀ gígé-ọ̀rọ̀ ni browser fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Yorùbá kò sì sí lára àwọn èdè tí wọ́n ṣe é fún; ẹ kọ lang="yo" sí HTML bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kò ní gé ohunkóhun. Àmọ́ ẹ̀rù kò bà mí, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá púpọ̀ kò ju sílébù méjì tàbí mẹ́ta lọ, ìlà sì ń kún dáadáa nínú òpó tó fún. Orúkọ èèyàn ló ń da nǹkan rú. Ẹ fi Olúwafúnmiláyọ̀ tàbí Olúwaṣeunfúnmi sínú òpó tí kò gba ju lẹ́tà 20 lọ, pẹ̀lú oyè níwájú rẹ̀, ẹ ó rí i bí ìlà tó ṣáájú ṣe máa ṣófo dé ìdajì. Fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, mo fi ­ sáàárín Olúwa àti ìyókù, kí browser mọ ibi tó lè gé e sí bí àyè kò bá gbà á. Ẹ má sì ṣe fi dandan lé e pé kí etí ọ̀rọ̀ gún lápá ọ̀tún àti òsì. Láìsí gígé ọ̀rọ̀, àlàfo ńláńlá ni yóò máa já láàárín ọ̀rọ̀. Kí apá òsì gún, kí a fi ọ̀tún sílẹ̀ bó ṣe wà, ó tó.

Irú lẹ́tà tí ẹ bá yàn lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Lórí Google Fonts, àkójọ irú lẹ́tà ti Google, wọ́n ń gé lẹ́tà sí ìsọ̀rí, ẹ àti ọ sì bọ́ sínú ìsọ̀rí tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam, pẹ̀lú àmì ohùn tó ń dúró lórí wọn. Irú lẹ́tà tí kò bá ní ìsọ̀rí yẹn kò ní lè gbé ẹ̀kọ́ tàbí ọjọ́ jáde bó ṣe yẹ: browser yóò lọ yá lẹ́tà náà níbòmíràn, ẹ ó sì rí àkọlé tó nípọn tí ọ inú rẹ̀ tín-ín-rín, tàbí àmì ohùn tó yà sí ẹ̀gbẹ́ bíi fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé. Nítorí náà, kí ẹ tó gba èyíkéyìí, ẹ wá Vietnam nínú àwọn èdè tó ń gbà, kí ẹ sì fi gbólóhùn Yorùbá gidi dán an wò. Noto Serif ti Google, àti Gentium pẹ̀lú Charis tí àjọ SIL ṣe, gbé gbogbo rẹ̀ láìsí àbùkù. Noto Serif ni mo lò, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ tó nípọn yẹ àkọlé.

Àkọlé ni kí ẹ ṣọ́ jù. Àwọn oníṣẹ́ ìwé ìròyìn fẹ́ràn kí ìlà àkọlé sún mọ́ra, wọ́n á sì fi line-height (ìwọ̀n gíga ìlà kọ̀ọ̀kan sí títóbi lẹ́tà) sí 1. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ỌJỌ́ ỌDÚN bá wà ní ìlà òkè, tí ẸGBẸ́ sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀: àmì tó wà nísàlẹ̀ Ọ òkè àti àmì ohùn tó wà lórí Ẹ́ ìsàlẹ̀ yóò kan ara wọn, òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tó ni àmì wo. Láti 1.25 lọ sókè ni àkọlé Yorùbá tó mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ńlá tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn àgbà. CSS ní initial-letter fún un, Chrome sì ti gbà á láti 2023, ṣùgbọ́n orí àti ẹsẹ̀ lẹ́tà ló fi ń wọn ìga rẹ̀, kì í ka àmì kún un. Bí ìròyìn bá fi Ọ̀ bẹ̀rẹ̀, àmì ohùn yóò yọ sókè, àmì abẹ́ yóò sì fẹ́ kan ìlà tó wà nísàlẹ̀. Mo padà sí ::first-letter àti float àtijọ́, mo sì fi àlàfo díẹ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Firefox tí kò ní initial-letter pàápàá gbé e dáadáa.

Fún àwọn tó ń lo WordPress, ọ̀rọ̀ kúkúrú: búlọ́ọ̀kù tí wọ́n pè ní Columns níbẹ̀ kì í ṣe Multi-column rárá. Àpótí ló ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kì í sì í ṣàn láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Lórí fóònù, gbogbo ètò yìí máa ń di òpó kan, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ethan Marcotte, oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yẹn ní responsive web design ní 2010, ìkànnì Boston Globe, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, sì fi hàn ní 2011 pé ìwé ìròyìn ńlá lè lo HTML kan náà fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo tọ́jú lórí fóònù ni orúkọ ìwé ìròyìn, ìlà nípọn kan lábẹ́ rẹ̀, àti ìyàtọ̀ nínú títóbi àkọlé. Àwọn mẹ́ta yìí tó kí ẹni tó bá ṣí i mọ̀ pé ìwé ìròyìn ni.

Orí bébà ni Multi-column ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣì ń fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n lè tẹ̀, nítorí náà mo kọ ìsọ̀rí @media print, òfin CSS tó ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí a bá ń tẹ ojú-ewé sórí bébà, mo dá àpilẹ̀kọ alága padà sí òpó méjì lórí A4, mo sì yọ àwọn bọ́tìnì àti àwòrán tó kàn ń jẹ tàdáwà kúrò. Níwọ̀n bí bébà ti ní òpin, òpó kò da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́, ìlà àárín wọn sì hàn kedere. Nọ́ńbà ojú-ewé nìkan ló fa wàhálà: Chrome gbà kí a fi CSS kọ ọ́ sí etí bébà láti ẹ̀dà 131, ní ìparí 2024, nítorí náà mo sọ fún akọ̀wé pé Chrome orí kọ̀ǹpútà ni kó máa fi tẹ ẹ̀dà tí wọn yóò pín ní ìpàdé.